Bí Bíréèkì Bá Rì, Ẹ Mi Táyà Wò

Ẹ̀yin ará Kaboua àti gbogbo ilẹ̀ Ṣábẹ, láti ẹ̀bá odò Ọ̀pàrá níbi tí àwa àti Nàìjíríà ti pààlà, títí dé etí odò Ouémé, ẹ̀yin awakọ̀ ni mo wá bá lónìí, àti ẹ̀yin tí ẹ ni ọkọ̀, àti ẹ̀yin mẹkáníìkì pẹ̀lú àwọn ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ yín. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ 4x4 tó ti dàgbà ni mo gbé dání: Land Cruiser, Hilux, Patrol, Land Rover, àwọn tó ti sin ọ̀gá méjì mẹ́ta kí wọ́n tó bọ́ sọ́wọ́ wa.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti orí ohun tí ẹsẹ̀ yín ti mọ̀. Ẹ ń ti oko bọ̀, ẹ ti gba ojú ọ̀nà tí àgbàrá ti gbẹ́ dà nù, ọkọ̀ ti fò, ó ti jù síhìn-ín jù sọ́hùn-ún. Ẹ dé ibi tí ewúrẹ́ ti ń sọdá, ẹ tẹ bíréèkì. Pẹ́dà rì. Ó rì ju bó ti yẹ lọ, àyà yín sì já. Ẹ yára tún un tẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó le, ó di ọkọ̀ mú. Bí ẹ bá wá dé ojú ọ̀nà ọ̀dà tó gba Ṣábẹ lọ sí Parakou, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́. Ẹ̀yìn ọ̀nà gbágungbàgun nìkan ló máa ń ṣe é.

Kí ni à ń ṣe sí i? A ó gbé e lọ bá mẹkáníìkì. Mẹkáníìkì á ní afẹ́fẹ́ ló wọnú ọ̀nà bíréèkì. Á ní ká lọ ra ìgò bíréèkì fúlúùdì kan wá, èyí tí ẹlòmíràn ń pè ní Lockheed. Ọmọ iṣẹ́ á jókòó sínú ọkọ̀, á máa tẹ̀ ẹ́, ọ̀gá á sùn sábẹ́, á máa tú afẹ́fẹ́ jáde. Bí wọ́n bá ṣe tán, wọ́n á wà á yípo ọgbà wọn, bíréèkì á mú. A ó sanwó, a ó dúpẹ́. Ẹ̀ẹ̀kan péré tí a bá tún padà sójú ọ̀nà oko, pẹ́dà á tún rì.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ lẹ́nu mi lónìí kò pọ̀. Púpọ̀ nínú ohun tí à ń pè ní àìsàn bíréèkì lára ọkọ̀ 4x4 àgbà, kì í ṣe inú bíréèkì ló ti bẹ̀rẹ̀. Inú họ́ọ̀bù ni, níbi tí bẹ́ríìnì táyà wà, èyí tí àwọn tó kọ́ṣẹ́ lọ́nà ti Faransé ń pè ní roulement. Nígbà míràn ẹ̀wẹ̀, ìdí ọ́ìlì síìlì kan tí kò ju òrùka lọ ló ti ń bọ̀. Ẹni tó bá ń tọ́jú bíréèkì láì bojú wo bẹ́ríìnì, owó rẹ̀ ló ń dà sílẹ̀, ẹ̀mí àwọn tó jókòó sẹ́yìn rẹ̀ ló sì fi ń ta tẹ́tẹ́.

Ẹ wo bó ṣe ń ṣẹlẹ̀. Lẹ́sẹ̀ iwájú, a de dísíìkì mọ́ ara họ́ọ̀bù. Họ́ọ̀bù yìí ń yí lórí bẹ́ríìnì méjì, ọ̀kan lápá inú, ọ̀kan lápá òde. Páàdì méjì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ dísíìkì, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, wọ́n sì sún mọ́ ọn débi pé irun kan ló lè gba àárín wọn kọjá. Bí bẹ́ríìnì bá ti rọ̀, họ́ọ̀bù kò ní dúró ṣánṣán mọ́. Bí táyà bá bọ́ sí kòtò, họ́ọ̀bù á yẹ̀, dísíìkì á yẹ̀ tẹ̀ lé e, á ti páàdì sẹ́yìn, páàdì á sì ti pístìnnì wọnú ilé rẹ̀ padà. Nígbà tí ẹ bá wá tẹ pẹ́dà, pístìnnì ní láti kọ́kọ́ rin ìrìn tí wọ́n ti tì í sẹ́yìn kó tó kan dísíìkì. Ìrìn yẹn ni pẹ́dà tó rì. Ẹ̀ẹ̀kejì tí ẹ tẹ̀ ẹ́, ó ti dé ibẹ̀ tẹ́lẹ̀, ìdí nìyẹn tó fi le. Kò sí afẹ́fẹ́ kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ẹ tú fúlúùdì agbada kan jáde, kò ní yí i padà.

Àwa tí a wà ní Kaboua ni ọ̀rọ̀ yìí kàn gidigidi. Ibi tí a ti ń kó iṣu, kajú, sóyà àti òwú jáde jìnnà sí ọ̀nà ọ̀dà, ọkọ̀ kan náà tó kó iṣu lánàá ni yóò gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn lóru òní. Ọkọ̀ tí a sì ń rà, a kì í bá a nígbà èwe rẹ̀. Àjọ UNEP, ti Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, sọ nínú ìròyìn wọn ní 2020 pé láàárín 2015 sí 2018, mílíọ̀nù 14 ọkọ̀ kékeré àlòkù ni wọ́n tà kúrò ní ilẹ̀ Yúróòpù, Amẹ́ríkà àti Japan lọ sí ilẹ̀ mìíràn, àti pé bíi 40 nínú ọgọ́rùn-ún wọn ló wá sí Áfíríkà. Ìjọba Netherlands náà yẹ àwọn ọkọ̀ tó ń gba èbúté wọn wá sọ́dọ̀ wa wò. Ọ̀pọ̀ jù lọ ni kò ní ìwé ẹ̀rí pé ó yẹ lójú pópó mọ́. Ní tiwa níbí, CNSR, ilé iṣẹ́ ààbò ojú pópó, wà tó ń ṣe visite technique, ìyẹn àyẹ̀wò ọkọ̀, iṣẹ́ gidi sì ni, àmọ́ bí bíréèkì ṣe mú lọ́jọ́ yẹn ni ẹ̀rọ wọn ń wò. Kò sí ẹni tí yóò bá yín tú họ́ọ̀bù níbẹ̀. Ọwọ́ yín ni ìyẹn wà.

Kí ló dé tí bẹ́ríìnì àwọn ọkọ̀ wọ̀nyí fi ń rọ̀, tí ti ọkọ̀ kékeré ìgbàlódé kì í sì í sábà rí bẹ́ẹ̀? Bí wọ́n ṣe ṣe é ni. Ní 1898, ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ọkùnrin kan tó ń kan kẹ̀kẹ́ ẹṣin ní ìlú St. Louis, Henry Timken, gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí bẹ́ríìnì kan tí róòlà inú rẹ̀ rí ṣóńṣó lápá kan. Ohun tó ń bá a jà ni pé bí kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù bá ń yà ní kọ́nà, ẹrù á ti ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ìdí ẹsẹ̀ náà á sì tètè jẹ. Róòlà ṣóńṣó yìí lè gba ẹrù tó ń tẹ̀ ẹ́ láti òkè, kó tún gba èyí tó ń tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́. Títí di òní, irú rẹ̀ ló wà nínú họ́ọ̀bù iwájú Land Cruiser àtijọ́ àti Hilux tí ásúùlù iwájú rẹ̀ jẹ́ irin gbọọrọ kan. Ó lágbára, kì í kú bọ̀rọ̀. Àmọ́ bó bá ṣe ń jẹ díẹ̀díẹ̀ ni àlàfo ń ṣí nínú rẹ̀, nọ́ọ̀tì kan ló sì wà níbẹ̀ láti fi pa àlàfo náà dé. Àwọn tó ṣe é mọ̀ pé ẹnì kan yóò máa tú u wò. Bí ẹni náà kò bá tú u, bẹ́ríìnì kọ́ ló ṣẹ̀.

Ó dáa, báwo la ṣe ń wò ó? Ẹ̀yin awakọ̀ fúnra yín lè ṣe èyí, kò gba ìmọ̀ mẹkáníìkì. Ẹ wá ilẹ̀ tó tẹ́jú tó sì le. Ẹ fi òkúta tàbí igi dí àwọn táyà yòókù níwá àti lẹ́yìn. Ẹ fi jáàkì gbé táyà iwájú kan kúrò nílẹ̀, kí ẹ sì fi irin agbọ́kọ̀ró tàbí ìtì igi tó nípọn sábẹ́ ásúùlù. Mo bẹ̀ yín, ẹ má fi búlọ́ọ̀kù sìmẹ́ńtì gbé ọkọ̀ dúró. Búlọ́ọ̀kù kì í kìlọ̀ kó tó fọ́, ẹni tó bá sì wà lábẹ́ rẹ̀ kò ní ráyè jáde. Ẹ̀yin tí ẹ ní Land Rover Defender tàbí àwọn Land Cruiser kan láti ayé àtijọ́, ẹ fetí sí èyí dáadáa: hándì bíréèkì ọkọ̀ yín kò sí lára táyà, ara ọ̀pá tó ń gbé agbára lọ sẹ́yìn ló wà. Bí ẹ bá gbé táyà ẹ̀yìn kan ṣoṣo sókè, hándì bíréèkì yẹn kò di ọkọ̀ mú mọ́, nítorí táyà tó wà lókè lè yí. Ọkọ̀ lè yí kúrò lórí jáàkì nígbà tí ẹ rò pé ẹ ti dè é.

Tí táyà bá ti wà lókè, ẹ fi ọwọ́ kan dì í mú lókè téńté, ẹ fi ọwọ́ kejì dì í mú nísàlẹ̀, kí ẹ máa tì í kí ẹ máa fà á. Bó bá ń mì, tí ẹ ń gbọ́ kọ̀, kọ̀, kọ̀, nǹkan ti rọ̀. Kí ló rọ̀? Ẹ ní kí ẹnì kan wọnú ọkọ̀ kó tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀, kí ẹ tún un mì. Bí mímì náà bá dáwọ́ dúró, bẹ́ríìnì táyà ni, nítorí bíréèkì ti so họ́ọ̀bù mọ́ ìdí rẹ̀. Bó bá ṣì ń mì pẹ̀lú bíréèkì lórí, ẹ wo bẹ́ríìnì kéékèèké tó wà lókè àti nísàlẹ̀ bọ́ọ̀lù ńlá ẹ̀yìn táyà, èyí tí táyà fi ń yà sọ́tùn-ún sósì. Ẹ̀tàn ni ká máa fún nọ́ọ̀tì bẹ́ríìnì táyà nígbà tó jẹ́ pé ìsàlẹ̀ bọ́ọ̀lù ni àlàfo wà. Lẹ́yìn náà, ẹ yí táyà pẹ̀lú ọwọ́, kí ẹ gbé ọwọ́ kejì lé sípíríìnì. Bí bẹ́ríìnì bá ti ń họ, sípíríìnì á gbọ̀n wìrìwìrì lábẹ́ ọwọ́ yín, bí etí yín kò bá tilẹ̀ tíì gbọ́ ohunkóhun.

Wàyí o, ẹ̀yin mẹkáníìkì, tiyín kàn. Nọ́ọ̀tì họ́ọ̀bù Land Cruiser ní sípánà tirẹ̀, sọ́kẹ́ẹ̀tì nọ́ńbà 54. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ni kò ní in, ṣísẹ́ẹ̀lì àti hámà ni wọ́n fi ń lu nọ́ọ̀tì yìí yípo. Mo fẹ́ kí ẹ jáwọ́ níbẹ̀, ìdí méjì ni. Bí ẹ bá ń lù ú, eérún irin á bọ́ sínú gírísì tuntun tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sí i, eérún yẹn ni yóò sì jẹ bẹ́ríìnì tuntun náà. Èkejì ni pé ẹni tó ń fi hámà fún nọ́ọ̀tì kò lè mọ bó ti fún un tó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kan tí ẹgbẹ́ mẹkáníìkì bá dáwó rà ní Cotonou, gbogbo yín lè jọ máa lò ó fún ọdún gbọọrọ.

Ẹ fọ bẹ́ríìnì pẹ̀lú kẹrosíìnì tàbí dísẹ́ẹ̀lì, kí ẹ má fi bẹntiróò fọ̀ ọ́ nítorí iná. Ẹ fi aṣọ mímọ́ nù ún gbẹ, ẹ gbé e bọ́ sí oòrùn, kí ẹ wò ó pẹ̀lú sùúrù. Róòlà tó bá ti di àwọ̀ búlúù, iná ti jó o. Èyí tó bá ní ihò wẹ́wẹ́, ara rẹ̀ ti ń bó. Èyí tó bá ní àbàwọ́n dúdú, omi ti sùn lórí rẹ̀. Kí ẹ wo òrùka tí róòlà ń yí nínú rẹ̀ pẹ̀lú, nítorí tọkọtaya ni wọ́n: ẹ kò gbọdọ̀ pààrọ̀ ọ̀kan kí ẹ fi èkejì sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ ló ń ṣe é, torí pé òrùka náà le yọ nínú họ́ọ̀bù. Bẹ́ríìnì tuntun tó bá ń yí nínú òrùka àtijọ́ kò ní pẹ́ láyé.

Gírísì ní tirẹ̀, ọwọ́ ni a fi ń kì í. Ẹ bu gírísì sí àtẹ́lẹwọ́ òsì, ẹ mú bẹ́ríìnì dání lọ́tùn-ún, kí ẹ máa fi ẹnu tó gbòòrò gún gírísì náà títí yóò fi yọ lókè láàárín róòlà, yípo yípo. Kíkùn ara lásán kò tó. Gírísì lithium, nọ́ńbà 2, tó lè gba ooru, ló yẹ ẹ́. Ẹ má fi tuntun lé ti àtijọ́ lórí, nítorí gírísì méjì tí kò bára mu lè yọ́ pa pọ̀ kí wọ́n ṣàn jáde. Ọ́ìlì síìlì tí ẹ bá tú jáde, ẹ má dá a padà, ẹ fi tuntun sí i.

Bí a ṣe ń fún nọ́ọ̀tì ló wá gba òye jù. Bí ó bá rọ̀, ohun tí mo sọ níbẹ̀rẹ̀ á ṣẹlẹ̀. Bí ó bá fún jù, bẹ́ríìnì á gbóná, gírísì á yọ́, bẹ́ríìnì á lẹ̀ mọ́ irin, táyà sì lè já kúrò lójú ọ̀nà. Ẹ kọ́kọ́ fún un le, kí ẹ máa yí họ́ọ̀bù bí ẹ ti ń fún un, kí róòlà lè jókòó sáyè rẹ̀. Ẹ wá tú u, kí ẹ tún un fún pẹ̀lú ọwọ́ jẹ́jẹ́. Kí ẹ tó ti páàdì bọ inú ibẹ̀, ẹ mú òṣùwọ̀n kékeré tó ní ìkọ́, irú èyí tí wọ́n fi ń wọn ẹja lọ́jà, ẹ fi kọ́ ọ̀kan nínú bóòtì táyà, kí ẹ máa fà á. Ní Land Cruiser àtijọ́, họ́ọ̀bù yẹ kó bẹ̀rẹ̀ sí í yí nígbà tí òṣùwọ̀n bá wà láàárín kílò 3 sí 5. Bí kílò 1 bá ti tó láti yí i, ó ti rọ̀ jù. Bí ó bá ju 6 lọ, ó ti fún jù. Ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ní ìwé tirẹ̀, kí ẹ wo ti èyí tí ẹ ń tún ṣe. Lẹ́yìn èyí ni wáṣà, lẹ́yìn wáṣà ni nọ́ọ̀tì kejì, kí ẹ sì tẹ etí wáṣà náà sórí nọ́ọ̀tì méjèèjì, ọ̀kan síwá, ọ̀kan sẹ́yìn. Kí ẹ tún fi òṣùwọ̀n fà á lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí nọ́ọ̀tì kejì máa ń ti ti àkọ́kọ́ wọlé díẹ̀.

Ìgbà wo ló yẹ ká ṣe é? Ìwé ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ tó ń ṣe ọkọ̀ wọ̀nyí sọ pé láàárín 40,000 sí 50,000 kìlómítà. Ọ̀nà tó dára ni wọ́n ń wò tí wọ́n fi kọ ìyẹn. Ní tiwa, pẹ̀lú eruku ọyẹ́ àti odò kéékèèké àkókò òjò, èrò mi ni pé ká dín in kù sí ìdajì, kí a sì ṣe é kí iṣẹ́ kajú tó bẹ̀rẹ̀, nígbà tí ọkọ̀ ṣì ráyè dúró. Omi ló ń ba bẹ́ríìnì jẹ́ jù lọ. Bí họ́ọ̀bù bá ti gbóná, tí ẹ bá wà á ní tààrà wọnú odò tó tutù, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á súnkì lójijì, á sì fa omi wọlé láti ẹnu síìlì. Ẹ dúró ná, kí táyà tutù díẹ̀ kí ẹ tó sọdá. Bí omi bá sì ti bo họ́ọ̀bù mọ́lẹ̀, ẹ ṣí i wò láàárín ọjọ́ mélòó kan. Gírísì tó ti di funfun ti mu omi, kò ṣeé lò mọ́.

Ẹ jẹ́ ká bọ́ sẹ́yìn ọkọ̀. Níbẹ̀ ni dúrọ́ọ̀mù wà, láínínì sì wà nínú rẹ̀. Ẹ lè rí i pé láínínì ẹ̀yìn ti rin gbindingbindin fún epo gíà, táyà ọ̀tún ń mú, ti òsì kò mú, ọkọ̀ sì ń fà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ẹ bá tẹ bíréèkì. Àwọn kan á fi bẹntiróò fọ láínínì náà, wọ́n á ṣáná sí i kí epo inú rẹ̀ lè jó tán, wọ́n á sì dá a padà. Epo yẹn kò jó tán. Bí ooru bá ti mú un lójú ọ̀nà, á tún yọ jáde. Ẹ pààrọ̀ rẹ̀, tọ̀tún tòsì lẹ́ẹ̀kan náà. Kí ẹ tó pààrọ̀ rẹ̀ pàápàá, ẹ béèrè ibi tí epo náà ti wá. Ẹ ó ní síìlì ló jo. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n kí ló mú síìlì jo? Lókè ásúùlù ẹ̀yìn, ihò kékeré kan wà tí ásúùlù fi ń mí, wọ́n fi ìdérí kékeré kan bò ó. Eruku pupa wa máa ń dí i pa. Bí epo inú ásúùlù bá gbóná, afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ á wú, bí kò bá rí ihò yẹn gbà jáde, á ti epo gba ẹnu síìlì, tààrà sórí láínínì. Mo ti rí ibi tí wọ́n ti pààrọ̀ síìlì léraléra tí kò sí ẹni tó fọwọ́ kan ìdérí yẹn rí. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ló gbà láti tú u, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì rí i pé ó ń mí. Ásúùlù iwájú náà ní irú ihò yìí. Bí síìlì inú ti iwájú bá jo, epo gíà á wọnú bọ́ọ̀lù ńlá ẹ̀yìn táyà, á po gírísì ibẹ̀ ṣàn, á sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán sára táyà àti dísíìkì.

Ọ̀rọ̀ hándì bíréèkì tún wà. Lára ọ̀pọ̀ Hilux àti Land Cruiser tó ní dúrọ́ọ̀mù lẹ́yìn, fífà tí à ń fa hándì bíréèkì ló ń sún láínínì mọ́ dúrọ́ọ̀mù bó bá ṣe ń jẹ. Àwa wá ni awakọ̀ tó jẹ́ pé òkúta la máa ń jù sẹ́yìn táyà, tí a kì í fọwọ́ kan hándì bíréèkì láti oṣù dé oṣù. Láínínì á máa jìnnà sí dúrọ́ọ̀mù, pẹ́dà á máa gùn sísàlẹ̀, iwájú nìkan ni yóò sì máa dá ọkọ̀ dúró. Òkúta yín dára, ẹ má sọ ọ́ nù, ṣùgbọ́n ẹ máa fa hándì bíréèkì lójoojúmọ́. Bí okùn rẹ̀ bá ti dípẹtà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tú u kí wọ́n fi gírísì sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ewé sípíríìnì kún ti ẹ̀yìn ọkọ̀ kó lè gbé iṣu sí i, ẹ gbọ́ o. Ẹ yọjú sábẹ́ ọkọ̀ yín, ẹ ó rí ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan láàárín férémù àti ásúùlù ẹ̀yìn. Ọ̀pá yìí ló ń wọn ẹrù fún bíréèkì. Bí ẹ̀yìn ọkọ̀ bá ga, á gbà pé ọkọ̀ ṣófo, á sì dín agbára bíréèkì ẹ̀yìn kù. Bí ẹ̀yìn bá tẹ̀ sílẹ̀, á fi kún un. Bí ẹ bá ti fi ewé kún sípíríìnì, ẹ̀yìn kò ní tẹ̀ sílẹ̀ mọ́ bí ẹrù bá tilẹ̀ kún dé orí, ọ̀pá náà á sì máa ṣe bí ẹni pé òfìfo lẹ ń wà lọ. Ìgbà tí ẹ nílò bíréèkì ẹ̀yìn jù lọ gan-an ni kò ní sí. Mẹkáníìkì tó bá fi ewé kún sípíríìnì gbọ́dọ̀ tún ọ̀pá yẹn tò bí ìwé ọkọ̀ ṣe wí.

Fúlúùdì fúnra rẹ̀ kò ní gbà wá lákòókò púpọ̀. Bí iyọ̀ ṣe ń fa omi náà ló ń fa omi láti inú afẹ́fẹ́. DOT 3 tuntun kò gbọdọ̀ hó kó tó dé 205 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Bí omi bá ti wọ̀ ọ́ dé ìwọ̀n kan, 140 ni ààlà rẹ̀. Bó bá hó nígbà tí ẹ ń gbé ẹrù sọ̀kalẹ̀ lórí òkè, pẹ́dà á dé ilẹ̀, ẹ̀ẹ̀kejì kò ní gbà yín. Ẹ tú gbogbo rẹ̀ dà nù lọ́dún méjì-méjì, ẹ má ra èyí tí wọ́n ti ṣí ẹnu ìgò rẹ̀, ẹ má sì bu epo ẹ́ńjìnnì sí i láéláé, nítorí á mú róbà inú bíréèkì wú. Ẹ wo róbà gbọọrọ tó lọ sí táyà kọ̀ọ̀kan náà. Èyí tó ti gbó lè wú nínú, kó gba fúlúùdì láyè lọ kó má gbà á láyè bọ̀. Páàdì á wá máa di dísíìkì mú nígbà tí ẹsẹ̀ yín kò sí lórí pẹ́dà, dísíìkì á gbóná, ooru á gba inú họ́ọ̀bù, á sì yọ́ gírísì bẹ́ríìnì. Ẹ rí i pé bí bẹ́ríìnì ṣe lè ba bíréèkì jẹ́, bíréèkì náà lè ba bẹ́ríìnì jẹ́.

Bí ẹ bá ń lọ rajà, ẹ mú bẹ́ríìnì àtijọ́ dání, nọ́ńbà rẹ̀ wà lára irin rẹ̀. Koyo, NSK, NTN, Timken, SKF, àwọn wọ̀nyí ni ojúlówó, àwọn náà sì ni wọ́n ń ṣe ayédèrú jù. Ìwé páálí tí lẹ́tà rẹ̀ ṣú, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára irin tí kò bá ti ara páálí mu, iye owó tó kéré ju ti gbogbo ọjà lọ, ẹ fi wọ́n sílẹ̀ fún ẹni tó ni wọ́n. Bẹ́ríìnì àlòkù ńkọ́? Ẹ má rà á. Ẹ kò mọ odò tó ti wọ̀.

Páàdì tó bá ti kù mìlímítà 3, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ má dúró de ìgbà tí irin á máa họ irin. Lára dísíìkì, wọ́n kọ ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ tín-ín-rín jù síbẹ̀. Lára dúrọ́ọ̀mù, wọ́n kọ ìwọ̀n tí kò gbọdọ̀ fẹ̀ jù. Ẹ kà á. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́, ẹ má fi ẹnu tàbí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fẹ́ eruku inú dúrọ́ọ̀mù. Asbestos wà nínú láínínì àtijọ́, ó sì ń pa ẹ̀dọ̀fóró. Aṣọ tí ẹ rẹ sínú omi ni kí ẹ fi nù ún.

Nígbà tí ẹ bá ti ṣe gbogbo rẹ̀ tán, ẹ má tíì di ẹrù. Ẹ wa ọkọ̀ lófìfo láti Kaboua dé Ṣábẹ, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Bí ẹ bá dé, kí ẹ fi ẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ họ́ọ̀bù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kí ti ọ̀tún àti ti òsì jọra, kí wọ́n lọ́ wọ́ọ́rọ́. Bí ọ̀kan bá gbóná débi tí ọwọ́ kò lè dúró lára rẹ̀, ẹ má wà á padà bẹ́ẹ̀. Ẹ gbé e sókè níbẹ̀, ẹ tú nọ́ọ̀tì rẹ̀ wò, kí ẹ wo róbà bíréèkì rẹ̀ pẹ̀lú. Bí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bá sì dọ́gba, ẹ padà sílé, ẹ tún mi táyà iwájú lẹ́ẹ̀kan sí i, nítorí òrùka tuntun máa ń jókòó wọlé díẹ̀ ní ìrìn àkọ́kọ́, nọ́ọ̀tì rẹ̀ sì lè nílò fífún díẹ̀ sí i. Ẹ wá kọ nọ́ńbà kìlómítà ọjọ́ náà sínú ilẹ̀kùn ọkọ̀ pẹ̀lú ọ̀dà, kí awakọ̀ tó bá gbà á lọ́wọ́ yín lè mọ ìgbà tó kàn.